Ta Ló Ni Òwú Tó Wà Lórí Òfì?

  

Ìsẹ́yìn ni mo wà lónìí, mi ò sí nínú yàrá tí a ti máa ń gba ohùn sílẹ̀. Ẹ dákẹ́ díẹ̀ kí ẹ gbọ́ ohun tó ń dún lẹ́yìn mi yẹn. Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Òfì ni. Ẹni mẹ́ta ló ń hun aṣọ lábẹ́ àtíbàbà yìí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí bàbá mi ń hun aṣọ níbí kan náà, òfì mọ́kànlá ló máa ń dún pọ̀ láàárọ̀. Bí wọ́n bá ń pe ènìyàn láti ojú títì, kò ní gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sọ́kàn. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí dá lórí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké wa ní Òkè-Ògùn, ní àsìkò tí ìjọba ń sọ pé ọrọ̀ ajé Nàìjíríà ti ń gbérí. Mi ò wá láti sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Dọ́là ò fò bíi ti 2023 àti 2024 mọ́. Ọjà ò gbówó lórí lójoojúmọ́ bíi ti ìgbà yẹn. Mo gbà. Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé, ta ló ń gbérí? Ẹ má sì tíì wo iye aṣọ tó ń jáde kí ẹ tó dá mi lóhùn. Aṣọ ń jáde. Ẹ wo ohun mìíràn: ta ló ni òwú tó wà lórí òfì?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí òwú náà ti ń wá.

Gbogbo wa la mọ̀ pé aṣọ òfì àtijọ́, ọ̀nà mẹ́ta gbòógì ló pín sí. Sányán wà, ẹtù wà, àlàárì wà. Sányán, inú igbó ni òwú rẹ̀ ti ń wá. Kòkòrò kan ló ń kọ́ ilé rẹ̀ sára igi, wọ́n á lọ kó o, wọ́n á fi omi eérú sè é, wọ́n á ran án di òwú. Ẹtù, òwú oko ni, tí wọ́n rẹ sínú aró tí wọ́n fi ewé ẹ̀lú pò, títí yóò fi dúdú bí ìyẹ́ ẹyẹ ẹtù. Ilẹ̀ ọ̀dàn wa yìí ló ń hu òwú, ẹ̀lú náà ń hù níbí. Àlàárì ńkọ́? Òwú pupa yẹn kì í ṣe ti ilé. Ràkúnmí ló ń gbé e la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá láti Trípólì kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá, kó tó dé ọ̀dọ̀ tiwa.

Kí ló dé tí mo fi ń sọ èyí? Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé òwú ilẹ̀ òkèèrè kì í ṣe tuntun nínú iṣẹ́ wa. Àwọn bàbá wa náà ra òwú àjèjì. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé nígbà tiwọn, bí ràkúnmí ò bá dé, ahunṣọ á hun ẹtù, á hun sányán. Ọ̀nà mẹ́ta ló ní. Lónìí, ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù: òwú tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó wá, tí wọ́n fi dọ́là rà.

Báwo la ṣe débẹ̀? Ìgbà kan wà tí Nàìjíríà ní iléeṣẹ́ aṣọ tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Kàdúná nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlú aṣọ. Iléeṣẹ́ Kaduna Textiles bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1957, àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Èkó ní tiwọn, Adó-Èkìtì náà ní tiwọn. Àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyẹn ń ran òwú, wọ́n sì ń ra òwú oko lọ́wọ́ àgbẹ̀. Nígbà tó yá, iná mànàmáná ò dúró, epo dí ọ̀wọ́n, ẹ̀rọ gbó, aṣọ tí wọ́n ń kó gba ẹnubodè wọlé láìsan owó orí sì dí wọn lọ́nà. Kaduna Textiles ti ilẹ̀kùn ní 2002. Ní 2007, United Nigerian Textiles, òun náà ní Kàdúná, dá iṣẹ́ dúró, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ sì lọ sílé.

Nígbà yẹn, àwa tí a wà ní Ìsẹ́yìn kò ka ìyẹn sí ọ̀rọ̀ tiwa. Ẹ̀rọ ńlá ló kú, òfì tiwa ò kú. Òfì ò lo iná. Ọwọ́, ẹsẹ̀, ọ̀kọ̀, omù àti asà ló ń lò. A tilẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn tó ń lo ẹ̀rọ ti sùn, àwa ṣì ń ta. A ò mọ̀ pé ẹni tó lè ran òwú fún wa nílé ló ń kú lọ yẹn. Ọjọ́ tí wọ́n sin ín ni a ti so ara wa mọ́ dọ́là. Ó kàn jẹ́ pé dọ́là ò tíì fà wá nígbà náà ni.

Ní 2023, ó fà wá.

Ẹ rántí bó ṣe lọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Epo tí à ń rà ní nǹkan bíi 185 náírà lítà kan, ó fò kọjá 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tí 2024 ń parí lọ, ó ti lé ní 1,000. Ní oṣù Kẹfà 2023 náà, báńkì àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ kó máa wá ìpele ara rẹ̀. Dọ́là tó wà ní nǹkan bíi 460 lọ́jà ìjọba, ó di 700 ó lé. Ní òpin oṣù Kínní 2024, ó tún fò, láti nǹkan bíi 900 sí ohun tó lé ní 1,400, láàárín ọjọ́ díẹ̀ péré.

Ọjọ́ díẹ̀ tí mo sọ yẹn ló bá ẹ̀gbọ́n mi lórí òfì.

Ẹ jọ̀wọ́, mo gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n kí n tó sọ eléyìí, wọ́n sì ní kí n sọ ọ́, nítorí kò sí ohun ìtìjú nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló jókòó sí òfì bàbá wa. Ṣáájú kérésì 2023, ìdílé kan ní Èkó gbé iṣẹ́ wá fún wọn, aṣọ ẹbí fún ìgbéyàwó. Wọ́n dá iye, wọ́n gbà, wọ́n san díẹ̀ sílẹ̀. Àsansílẹ̀ yẹn, ẹ̀gbọ́n fi ra òwú tó tó ìlàjì iṣẹ́ náà, wọ́n ní nígbà tí àwọn bá hun ìlàjì tán, àwọn á ra ìyókù. Bí bàbá wa ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Bí gbogbo ahunṣọ ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Ta ló ń ra òwú tí kò tíì fẹ́ lò?

Nígbà tí wọ́n padà lọ sọ́dọ̀ onísòwò òwú ní oṣù Kejì, iye tí wọ́n bá níbẹ̀, wọ́n rò pé ẹni náà ń ṣeré ni. Wọ́n pe oníbàárà. Oníbàárà ní àwọn ti dá iye, ọjọ́ ìgbéyàwó sì ti lé. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn ò lè yẹ àdéhùn. Wọ́n kó gbogbo owó ọwọ́ wọn sí i, wọ́n hun aṣọ náà pé, wọ́n fi ránṣẹ́, aṣọ náà rẹwà. Gbogbo ènìyàn yìn wọ́n. Nígbà tí wọ́n jókòó ṣírò, wọ́n rí i pé àwọn san owó fún àwọn tí àwọn bá ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kékeré kan yé yín, nítorí ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà. Àpẹẹrẹ ni o, mi ò sọ pé iye ọjà nìyí. Ká ní ahunṣọ kan ní ojú owó 60,000 náírà, tí ìdì òwú kan jẹ́ 3,000. Ogún ìdì ló lè rà. Bí odidi aṣọ kan bá ń gba ìdì márùn-ún, aṣọ mẹ́rin ló lè hun kó tó dúró de owó. Bí ẹni kan bá jẹ ẹ́ lówó, aṣọ mẹ́ta tó kù á gbé e ró. Ó dáa. Òwú wá di 9,000. 60,000 yẹn kan náà, ìdì mẹ́fà ló máa rà. Aṣọ kan ṣoṣo, pẹ̀lú ìdì kan lé. Ọkùnrin yìí ò jí owó ẹnikẹ́ni, kò ta tẹ́tẹ́, kò ṣàìsàn. Owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò dín ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n nínú mẹ́rin, mẹ́ta ti lọ. Bí ẹni tó hun aṣọ kan yẹn fún bá sì ní kó dúró dìgbà tí oṣù bá parí, òfì á dákẹ́ nìyẹn.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ìgbérí tí à ń sọ. Àjọ tó ń ka ìṣirò fún ìjọba sọ pé ọ̀wọ́ngógó ọjà dé ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Kejìlá 2024. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní ó ti di 24.48. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ rédíò, ẹ rántí pé inú wa dùn. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣàlàyé fúnra wọn pé wọ́n yí ìpìlẹ̀ ìṣirò padà ni, wọ́n kó ọjà àti ọdún tuntun wọ inú ìwọ̀n náà. Lóòótọ́ ló tún ń rọlẹ̀ láti ìgbà náà, ó ti wà ní nǹkan bíi 18 ní oṣù Kẹsàn-án 2025. Kí wá ni ìtumọ̀ pé ó rọlẹ̀? Kò túmọ̀ sí pé ọjà ti padà sí iye àtijọ́. Ó túmọ̀ sí pé ó ń gun òkè, ṣùgbọ́n kò sáré gùn ún bíi ti tẹ́lẹ̀. Òwú 9,000 tó di 9,500 kò sáré, òótọ́ ni. Ahunṣọ tí ojú owó rẹ̀ ti wọ inú ìdì mẹ́fà, inú ìdì mẹ́fà ló ṣì wà. Ọkọ̀ tó ti sọ ọ́ sílẹ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà, ó ti wá ń rọra rìn báyìí, ṣùgbọ́n kò padà wá gbé e.

Ta ló wá ní owó láti ra òwú? Ẹni tí ojú owó rẹ̀ pọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ẹbí rẹ̀ ń fi dọ́là ránṣẹ́. Ẹni tí ó ní òwú nílé kó tó gbówó lórí, tí ọwọ́n náà sọ di ọlọ́rọ̀ lójú oorun. Ẹni yẹn á ra òwú, á gbé e fún ahunṣọ, á sọ pé: hun ún fún mi, máa gba owó iṣẹ́ rẹ. Kò burú. Kì í ṣe ìwà ìkà. Ahunṣọ náà á gbà, nítorí ilé ń jẹun. Aṣọ á máa jáde bíi ti tẹ́lẹ̀, òfì á dún. Ẹni tó bá wá láti ìta láti ka iye aṣọ, á kọ ọ́ sílẹ̀ pé iṣẹ́ ti padà sí Ìsẹ́yìn. Kò ní mọ̀ pé ọ̀gá ti di alágbàṣe lórí òfì ara rẹ̀.

Ibi tó le fún mi láti sọ nìyí. Ẹni tó ń gbé òwú fún ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni.

Mo ń ta aṣọ òfì lórí fóònù, ẹ̀yin tí ẹ ti ń gbọ́ wa tipẹ́ mọ̀. Àwọn oníbàárà mi kan wà lókè òkun, owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ ni mo fi ń ra òwú. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ò lè ra òwú mọ́, mo ní kí wọ́n má dààmú, mo ra òwú, mo gbé e wá, mo ń san owó iṣẹ́. Mo rò pé mo ràn wọ́n lọ́wọ́ ni, mo sì ràn wọ́n lọ́wọ́ lóòótọ́. Oṣù mélòó kan sẹ́yìn, mo wá kó aṣọ. Mo yin iṣẹ́ náà, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́, aṣọ yìí dára o." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ó dára, àbúrò. Bí ẹ bá ṣe fẹ́ la ṣe ń hun ún."

Bí ẹ bá ṣe fẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ "ẹ" sí mi. Ẹni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ju ọ̀kọ̀, tó nà mí nítorí pé mo já òwú bàbá wa. Àwàdà ni wọ́n fi ṣe o, ṣùgbọ́n mi ò sùn dáadáa lóru ọjọ́ yẹn.

Ẹ tún wo ohun tó ń bá irú ètò yìí rìn. Ẹni tó ń gba owó iṣẹ́ kì í dán àrà tuntun wò, nítorí òwú olówùú kì í ṣe ohun tí a fi ń dánra wò. Kì í sì rí ohun tí yóò fi gba ọmọ iṣẹ́. Ọmọ iṣẹ́ ń ba òwú jẹ́ kó tó mọ iṣẹ́, ta ni yóò san òwú yẹn? Àwọn ọmọ tó yẹ kó jókòó síbí, àwọn kan wà lórí ọ̀kadà, àwọn kan wà níbi tí wọ́n ti ń wa kùsà, àwọn kan ti dé Èkó. Ojú owó tó lọ lè padà lọ́dún kan. Ọmọ iṣẹ́ tí kò kọ́ṣẹ́ láàárín ọdún mẹ́ta, tí àwọn àgbà sì ń lọ, mi ò mọ ọdún tí ìyẹn máa padà.

Bí ẹ bá rò pé ọ̀rọ̀ aṣọ nìkan ni, ẹ jẹ́ ká gba ọ̀nà Ṣakí lọ. Ohun kan náà lẹ máa bá níbẹ̀, inú igbá òrí ló kàn wà.

Igi emi pọ̀ nínú ọ̀dàn lọ́hùn-ún. Àwọn ìyá wa ló ń ṣa èso rẹ̀ nígbà òjò, wọ́n á sè é, wọ́n á sá a, wọ́n á pa á, wọ́n á yan án, wọ́n á gbé e lọ sí ẹ̀rọ ọlọ, wọ́n á fi omi pò ó títí òrí á fi léfòó. Iṣẹ́ ńlá ni. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2025, ìjọba àpapọ̀ fi òfin de kíkó kóró emi tútù jáde kúrò ní Nàìjíríà fún oṣù mẹ́fà. Igbákejì Ààrẹ Shettima ṣàlàyé pé orílẹ̀-èdè wa ló ń pèsè nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún kóró emi àgbáyé, ṣùgbọ́n nínú owó tó wà lọ́jà náà, ìdá kan péré là ń rí. Èrò tó dára ni. Ká fi kóró sílẹ̀ nílé, ká sọ ọ́ di òrí nílé, kí èrè rẹ̀ dúró nílé.

Àmọ́ ẹ wo ó dáadáa. Kóró emi kì í dúró de ènìyàn, ó ní ìgbà. Ìgbà tó bá pọ̀ ni wọ́n ń rà á pamọ́. Nígbà tí òfin dé, iye owó kóró já lulẹ̀, àwọn tó ń ṣa á sunkún. Ta ló wá lè ra kóró tó wọ́n kù yẹn pamọ́? Ìyá tó ń ṣe òrí, tí ọlọ, igi ìdáná àti owó mọ́tò ti jẹ ojú owó rẹ̀ láti 2023? Ẹni tó ní yàrá ìkẹ́rùsí àti owó ló rà á. Tí ìgbà bá kọjá, ìyá yẹn á lọ máa bá a po òrí, á gba owó ọjọ́. Òfin tó yẹ kó sọ wọ́n di oníléeṣẹ́ lè sọ wọ́n di alágbàṣe, bí kò bá sí owó kékeré tó tẹ̀ lé e lásìkò tí èso ń já bọ́.

Ìjọba náà ò jókòó láìṣe nǹkan o, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo, wọ́n ya 200 bílíọ̀nù náírà sọ́tọ̀. 50 bílíọ̀nù jẹ́ ẹ̀bùn, 50,000 náírà fún oníṣòwò kéékèèké kọ̀ọ̀kan. 75 bílíọ̀nù jẹ́ ẹ̀yáwó fún àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké àti agbedeméjì, tó lè tó mílíọ̀nù kan fún ẹnì kan. 75 bílíọ̀nù tó kù wà fún àwọn iléeṣẹ́ ńlá, èlé orí ẹ̀yáwó méjèèjì sì jẹ́ ìdá 9. Lásìkò tí báńkì àpapọ̀ gbé òṣùwọ̀n èlé tirẹ̀ dé ìdá 27.5, ìdá 9 kì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ padà sínú àpẹẹrẹ wa. 50,000, tí ìdì kan bá jẹ́ 9,000, ìdì márùn-ún ni. Aṣọ kan. A dúpẹ́, ó ràn wá lọ́wọ́, àmọ́ aṣọ kan kọ́ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ahunṣọ yẹn. Mẹ́ta ni. Ìwádìí tí SMEDAN àti àjọ oníṣirò ṣe sì fi hàn pé iṣẹ́ kéékèèké tó wà ní Nàìjíríà lé ní mílíọ̀nù 39. Ẹ wo iye ọwọ́ tó ń na síwájú.

Kí la wá fẹ́ ṣe? Mi ò fẹ́ ká parí ètò yìí sórí ẹkún. Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ sọ, méjì wà lọ́wọ́ wa, ìkan wà lọ́wọ́ ìjọba.

Àkọ́kọ́, iye tí a bá dá fún oníbàárà gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ orí. Ẹ máa sọ fún wọn pé, "Iye yìí wà fún ọjọ́ méje. Tí owó òwú bá wọlé láàárín ọjọ́ méje, kò ní yí padà." Owó òwú pé, kì í ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí owó bá sì wọlé, ọjọ́ náà ni kó di òwú, gbogbo rẹ̀. Ẹ má ṣe tọ́jú náírà de òwú. Òwú ni kí ẹ tọ́jú. Ẹ̀yin oníbàárà tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ má bínú. Bí ahunṣọ bá béèrè owó òwú pé, kò fojú olè wò yín. Ó fẹ́ kí òun ṣì wà lórí òfì nígbà tí ọmọ yín kejì bá fẹ́ ṣègbéyàwó ni.

Ìkejì, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. A ní wọn, a mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, a mọ àjọ, a mọ èésú. Owó là ń dá níbẹ̀, owó la sì ń yá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láti 2023 ni pé ẹgbẹ́ yá ọmọ ẹgbẹ́ ní owó ìdì ogún, ọmọ ẹgbẹ́ san án padà pé pẹ̀lú èlé, ẹgbẹ́ sì rí i pé ohun tó wọlé ò lè ra ìdì mẹ́jọ. Kò sẹ́ni tó jalè, àpótí kàn gbẹ ni. Ohun tí mo ń dá lábàá ni pé kí ẹgbẹ́ ahunṣọ máa yá òwú, kí wọ́n sì máa gba òwú padà. Ẹni mẹ́wàá á dá owó jọ, wọ́n á ra òwú lẹ́ẹ̀kan lọ́wọ́ ẹni tó ń kó o wọlé, owó rẹ̀ á rọjú ju ti ẹni tó ń ra ìdì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gba ìdì márùn-ún, ìdì márùn-ún ló máa dá padà nígbà tó bá ta aṣọ, pẹ̀lú owó díẹ̀ fún ìtọ́jú. Bí dọ́là bá fò, bí kò fò, òwú inú àpótí ò dín.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní, bí òwú bá gbówó lórí lẹ́yìn tí mo gba ìdì márùn-ún, ṣé èmi ni mo máa ru ẹrù yẹn? Bẹ́ẹ̀ ni, ìwọ ni, ìdí nìyẹn tí ohun àkọ́kọ́ fi ṣáájú ìkejì. Bí o bá ta aṣọ ní iye òní, wàá lè ra òwú ní iye òní. Ẹni tó máa ṣòfò ni ẹni tó dá iye ní kérésì tó wá ń rawó ní ọdún Àjíǹde. Àwọn mìíràn á ní ẹgbẹ́ ti kó owó wa jẹ rí. Mo mọ̀, ó ṣe èmi náà rí. Ṣùgbọ́n òwú ṣòro láti kó jẹ ju owó lọ. Ẹ gbé e sí yàrá kan tó ní àgádágodo méjì, kí ẹni méjì mú kọ́kọ́rọ́, kí ẹ máa kà á lójú gbogbo ẹgbẹ́ lóṣooṣù. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ wọ́n níyà.

Ìkẹta, èyí tó wà lọ́wọ́ ìjọba. Títì Móníyà sí Ìsẹ́yìn, kìlómítà 65, ti di títì gidi. A rí i, a ń rìn lórí rẹ̀, a dúpẹ́. Títì yẹn ń gbé òwú àjèjì wọlé, ó ń gbé aṣọ jáde. Ohun tó kù ni kí òwú náà ti ibí wá. Ilẹ̀ tó ń hu òwú ò tíì kúrò níbi tó wà. Ní ìtòsí ìlú wa níbí, ìsédò Ìkẹ́rẹ́ Gọ́ọ̀jì wà lórí odò Ògùn. Ìjọba Shagari ló dá a lé ní 1983. Ètò tí wọ́n ṣe ni pé kó pèsè iná mẹ́gáwáàtì 37.5, kó fún oko tó tó héktà 12,000 lómi. Ológun gba ìjọba, iṣẹ́ dúró. Omi wà níbẹ̀ títí dòní. Ẹ wò ó bí ó ṣe rí: omi fún oko òwú àti iná fún ilé ìranwú, ibì kan náà ni wọ́n ti fẹ́ kí méjèèjì wá, ó lé ní ogójì ọdún sẹ́yìn. Bí wọ́n bá ń béèrè ohun tí Òkè-Ògùn fẹ́ nínú ìgbérí yìí, èyí ni kí aṣojú wa lọ sọ.

Ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀ sórí ara mi, kí n má baà jẹ́ ẹni tó ń wàásù fún ará ìta.

Mo ti bá ẹ̀gbọ́n mi jókòó. Láti oṣù tó ń bọ̀, òwú tí mo bá gbé wá, mo yá wọn ni. Ìdì mẹ́wàá ni mo máa kọ́kọ́ gbé wá, ìdì mẹ́wàá ni wọ́n máa dá padà nígbà tí ọwọ́ bá tó o. Aṣọ tí wọ́n bá fi hun, tiwọn ni. Àwọn ni wọ́n máa dá iye rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ tà á fún oníbàárà mi, mo máa rà á lọ́wọ́ wọn bí gbogbo ènìyàn ṣe ń rà á. Mo ti ṣírò rẹ̀, èrè mi máa dín, mi ò ní pa á mọ́ fún yín. Ìyàwó mi ti bi mí bóyá orí mi pé. Ẹ̀gbọ́n mi gan-an ò tíì gbà tán, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ gbèsè àbúrò lọ́rùn. A ṣì ń sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n wọ́n ti mú òwú dúdú kan jáde láti ìsàlẹ̀ àpótí, wọ́n ń wò ó lójú oòrùn. Wọ́n ní ẹtù kan wà tí bàbá wa máa ń hun, tí ẹnikẹ́ni ò hun mọ́, pé àwọn rò pé àwọn ṣì rántí bí wọ́n ṣe ń tò ó. Láti ọdún méjì tí mo ti ń gbé òwú wá, wọn ò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ̀yin ahunṣọ, ẹ̀yin alágbẹ̀dẹ, ẹ̀yin ìyá olórí, ẹ̀yin oníléeṣẹ́ èlùbọ́, bí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn yín, ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí wa. Ẹ sọ ohun tí ẹ ń rà ṣáájú 2023 àti iye tí ojú owó yín ń rà báyìí. A máa gbọ́ ọ pọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.